Kí ẹ tó so irin mọ́ kat-kat àlòkù

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ kanlẹ̀, ta ni nínú wa tí kò mọ bí ọ̀nà oko ṣe ń rí? Ní agbègbè Ìṣàba, ilẹ̀ dúdú alámọ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà, táyà á wá máa yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá mọ́lẹ̀. Ní apá Ṣábẹ̀, òkúta àti kòtò tí àgbàrá gbẹ́ ni a ń bá. Àpò àgbàdo kò lè jáde lóko. Aboyún tí ń rọbí kò lè gun zemidjan nínú ẹrẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi ń wu ẹgbẹ́ àgbẹ̀ láti dá owó jọ ra kat-kat àlòkù, ìyẹn mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ wa mọ Toyota Land Cruiser, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1984, tí wọ́n ṣì ń ṣe títí di òní.

Bí ẹ bá ti rà á tán, àwọn olùgbà-yín-nímọ̀ràn á dé. Ọ̀kan á ní kí ẹ fi irin ńlá síwájú. Èkejì á ní kí ẹ jó àtẹ ẹrù mọ́ orí rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní táyà ńlá ló kù. Ẹ ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ mú carte grise, ìwé mọ́tò náà, kí ẹ kà á. Ẹ ti mọ̀wé báyìí, kò sí ẹni tí ẹ ó tún bẹ̀ kó bá yín kà á.

Ẹ wá iye méjì nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni poids à vide: bí mọ́tò náà ṣe wúwo tó nígbà tí kò gbé nǹkan kan. Èkejì ni PTAC: ìwọ̀n tí mọ́tò àti gbogbo ohun tó gbé kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀. Ohun tó kù ni ẹrù yín.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní PTAC jẹ́ kílò 3 000, poids à vide sì jẹ́ 2 000. Ó ku 1 000. Awakọ̀ àti èrò méjì lè tó kílò 200. Ó ku 800, ìyẹn àpò àgbàdo 8, bí àpò kan bá jẹ́ kílò 100. Ó dára. Ẹ wá so irin mọ́ ọn: irin iwájú, kílò 60, ẹ̀rọ tí ń fa wáyà, 40, àtẹ orí, 60, táyà ìpamọ́ kejì, 40. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Àpò méjì ti lọ nìyẹn! Ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá jáde, títí yóò fi kú, irin ni ẹ ó máa gbé dípò àgbàdo. Bí ẹ bá sì gbé àpò mẹ́jọ náà síbẹ̀, bíréèkì ni yóò san gbèsè rẹ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí o. Ti mọ́tò yín wà nínú ìwé rẹ̀. Kí irin kankan tó gorí rẹ̀, ẹ gbé e lé báskúùlù tí ẹ fi ń wọn òwú.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ fi lámù kún lámù lábẹ́ mọ́tò kí ó lè gbé ẹrù púpọ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bíréèkì kò lágbára sí i, iye inú carte grise kò sì yí padà. Ẹ tún rántí aboyún yẹn: lámù líle á máa jù ú sókè ní kòtò kọ̀ọ̀kan. Bí lámù kan bá ṣẹ́, ẹ fi irú rẹ̀ rọ́pò. Ìyẹn tó.

Ti àtẹ orí kò gùn. Ohun fúyẹ́ ni kí ẹ kó síbẹ̀, bíi ẹní àti agbọ̀n. Ẹrù wúwo lókè ló ń dojú mọ́tò dé ní kọ́nà.

Ọ̀pá imú ńkọ́, èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú gòkè? Ó wúlò. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn tó mọ́ ju ti ìsàlẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń mí. Ó sì ń dínà omi, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá fa omi mu, àwọn irin inú rẹ̀ lè tẹ̀ kọrọdọ. Ṣùgbọ́n kò sọ mọ́tò di ọkọ̀ ojú omi. Omi tó ń ṣàn, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, lè gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò lọ tàwọn tèrò. Bí omi bá ń ṣàn tó sì kọjá orókùn, ẹ dúró dè é kó fà. Lẹ́yìn tí ẹ bá la omi kọjá, ẹ yẹ òróró ìdí ẹsẹ̀ wò. Bí ó bá ti funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó máa ń dùn mí ni pé àwọn kan ń náwó sórí irin tuntun, wọn kò sì lo èyí tó ti wà lára mọ́tò. Ní àárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ọ̀pọ̀ kat-kat àtijọ́, ohun roboto kan wà tí a ń fọwọ́ yí. A kọ FREE àti LOCK sí i. Bí ó bá wà ní FREE, ẹ́ńjìnnì kò lè fa ẹsẹ̀ náà. Kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ yí méjèèjì sí LOCK. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀pá kékeré inú mọ́tò sí H4. Bí ẹrẹ̀ bá le jù, ẹ dúró, kí ẹ fi sí L4: eré á dínkù, agbára á pọ̀. Kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà ọlọ́dà gbígbẹ, ẹ dá a padà sí H2. Bí mọ́tò bá ń yà, ẹsẹ̀ iwájú ń rìn ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí ọ̀dà kò lè yọ̀, àwọn irin inú ni yóò jìyà rẹ̀.

Táyà tó ga ju ti àtilẹ̀wá ń dá kún iṣẹ́ bíréèkì, ó sì ń jẹ́ kí òǹkà eré purọ́. Fáńpù ni kí ẹ rà. Nínú ẹrẹ̀ tàbí yanrìn, ẹ tú atẹ́gùn táyà sílẹ̀ díẹ̀, bóyá láti 2,5 sí 1,5 bar. Táyà á fẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ rìn jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó sáré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gbóná, á bẹ́.

Ẹ fi ṣọ́bìrì kan àti pákó líle méjì kún un. Bí owó bá kù, ẹ ra tirfor, èyí tí a ń fọwọ́ tì síwá sẹ́yìn. Kò nílò bátìrì, ẹ sì lè fi í sílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbànú gbígbòòrò ni kí ẹ fi yí igi ká, kì í ṣe wáyà. Ìkọ́ tí a fi bóòtù dè mọ́ ṣásí ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe irin iwájú. Ẹ fi aṣọ tó wúwo bo wáyà náà láàárín, nítorí bí ó bá já, ó lè pa ènìyàn. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn àtiwòran. Kí wọ́n dúró sí ibi tó jìn ju gígùn wáyà náà lọ.