Bí Ilé Etí Òkun Ṣe Dé Ilẹ̀ Ọ̀dàn

Bí a bá rin ìgboro Ilua, Òkèhò tàbí Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn lónìí, a ó rí àwọn ilé kan tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí wọn kò jọ agbo ilé àwọn baba ńlá wa, tí wọn kò sì jọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà. Òrùlé wọn kò ga, ó sì yọ síta kọjá ògiri. Fèrèsé wọn fẹ̀, gíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fàràndà wà níwájú, búlọ́ọ̀kù olójú ihò sì wà níbi tó yẹ kí ògiri dí pa, kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Irú ilé tí olùkọ́ àgbà tàbí akọ̀wé ìjọba ń fẹ́ kọ́ nígbà náà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó ló kàn kó o wá bó ṣe kó kóòtù àti táì wá. Ìtàn náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ Yorùbá kan sì wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀.

Ogun àgbáyé kejì ló gbé Maxwell Fry dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ayàwòrán ilé ni lọ́dọ̀ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ogun tó dé, òun àti Walter Gropius ará Jámánì ti jọ ṣiṣẹ́ ní London, wọ́n sì wà lára àwọn tó gbà pé iṣẹ́ tí ilé fẹ́ ṣe ló yẹ kó pinnu bí yóò ṣe rí. Nígbà tó di 1944, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Fry ṣe olùdámọ̀ràn lórí ètò ìlú fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ní agbègbè wa. Ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ilé, wá bá a. Wọ́n rìn káàkiri, wọ́n ń wo ìlú àti abúlé, wọ́n sì gbé ìwé kan jáde ní 1947 lórí kíkọ́ ilé abúlé ní ilẹ̀ olóoru.

Owó wà nígbà náà. Ní 1945, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya £120 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ilé ìwòsàn tí àwọn ológun lò tẹ́lẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Fry àti Drew ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọgbà tuntun náà lé lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi ìmọ̀ wọn hàn jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìmọ̀ yìí, nítorí òun ni ojúlówó nǹkan tó wà nínú ilé wọ̀nyí. Ní Ìbàdàn àti ní etí òkun, omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Òógùn kì í gbẹ lára, àfi bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Nítorí náà, ilé gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, kí yàrá kan ṣoṣo wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn tó bá wọlé níhìn-ín lè jáde lọ́hùn-ún. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀, ó máa ń wọlé tààrà lọ́nà tí òrùlé kò lè dí. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn fi ń kọjú sí àríwá àti gúúsù, tí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú sì ń kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ọ̀sán ní tirẹ̀, òrùlé tó yọ síta ló ń dá a dúró. Ẹni tó bá dé ibi ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn yóò rí i bí wọ́n ṣe fi ògiri olójú ihò yí ilé ńlá náà ká, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láìmú ooru ńlá dání. Wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ amúlétutù kankan láti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Àmọ́ ta ló máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìmọ̀ yìí? Adédòkun Adéyẹmí, ọmọ Nàìjíríà, ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé ní Yunifásítì Manchester ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ó wò ó pé ohun tí wọ́n ń kọ́ òun kò bá ojú ọjọ́ àti ìgbé ayé ìlú òun mu, kò sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó sọ ọ́ síta. Ìráhùn rẹ̀ wà lára ohun tó bí ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní University College London ní 1953 lórí kíkọ́ ilé ní ilẹ̀ olóoru. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹ̀kọ́ Architectural Association ní London dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún un. Otto Koenigsberger, ará Jámánì tó sá fún Hitler tó sì ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, wá di olórí ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo kà á sí ohun ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, àlejò ní ìlú òtútù, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà yí padà. Ìwé tó ń sọ nípa Fry àti Drew pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá orúkọ Adéyẹmí nínú wọn, ẹ óò rí i pé ó ṣọ̀wọ́n.

Láti Ìbàdàn ni àṣà náà ti tàn. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá àjọ ilé gbígbé sílẹ̀ ní 1958, Bódìjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún ilé olójú fèrèsé fífẹ̀ tí ọgbà yí ká. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, agbègbè wa kò wá gbára lé sìmẹ́ńtì inú ọkọ̀ ojú omi nìkan mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ní Èkó, Alan Vaughan-Richards, òyìnbó tó fẹ́ ọmọ ìdílé Vaughan tó sì so orúkọ wọn mọ́ tirẹ̀, kọ́ ilé tirẹ̀ sí etí ọ̀sà ní Ìkòyí. Ẹni tó bá wá lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tó sì rí irú ilé báyìí, á fẹ́ kọ́ ọ sílé nígbà tó bá padà. Bíríkìlà a wò ó, á ṣe é. Bó ṣe gun òkè wá sí Òkè-Ògùn nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ìwé tí Fry àti Drew kọ ní 1956 lórí àṣà ìkọ́lé yìí, ilẹ̀ olómi nínú afẹ́fẹ́ nìkan ló dá lé. Ó di 1964 kí wọ́n tó fi ilẹ̀ gbígbẹ kún un. Ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa wà láàárín méjèèjì. Òjò ń rọ̀ ní Ilua, afẹ́fẹ́ a sì tutù, ṣùgbọ́n bó bá di ìgbà ọyẹ́, atẹ́gùn láti aṣálẹ̀ a gbé eruku dé, ọ̀sán a gbóná, ìdájí a sì mú ni gbọ̀n. Fèrèsé tó ṣí gbayawu nígbà yẹn, eruku ló ń gbà wọlé. Àwọn baba wa mọ èyí. Ògiri amọ̀ tó nípọn ni wọ́n ń mọ, ìpele lórí ìpele, ó sì ń pẹ́ kí ooru ọ̀sán tó là á já. Ihò fèrèsé wọn kéré. Wọ́n fi koríko bẹẹrẹ bo òrùlé, koríko kan náà tí wọ́n ń kó lọ fún Aláàfin nígbà ọdún Bẹẹrẹ, ó sì ń dá ooru dúró ju paánù lọ fíìfíì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni wọ́n fi ń gba atẹ́gùn.

Ohun tó dùn mí ni pé a ti fi méjèèjì sílẹ̀. Ilé tí à ń kọ́ báyìí ní ògiri búlọ́ọ̀kù tí ooru tètè ń là kọjá. A gé òrùlé mọ́ ògiri kó lè rí bíi tàwọn ará Lẹ́kí. Fèrèsé rẹ̀ kò ju kí a fi gíláàsì kan wọ́ bo ìkejì, ìdajì rẹ̀ nìkan ló sì lè ṣí láéláé. Lóòótọ́, gíláàsì pẹlẹbẹ àtijọ́ ní àléébù tirẹ̀, olè lè yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀fọn sì ń gba àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá lọ lóṣù Ẹrẹ́nà, ẹni tó wà nínú ilé tuntun ló ń gbé ẹní jáde sí ìta.

Ẹnì kan wà tó pa méjèèjì pọ̀. Demas Nwoko, tí wọ́n bí ní 1935, ti fẹ́ kọ́ nípa yíya àwòrán ilé ní Zaria kó tó yí padà sí iṣẹ́ ọnà. Ó wá sí Ìbàdàn láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé láìjẹ́ pé ó gba oyè nínú rẹ̀. Ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni New Culture Studio ní agbègbè Mọ́kọ́lá. Ó po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ó dá àgbàlá padà sáàárín ilé, pẹ̀lú ojú tó ṣí sókè, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba ibẹ̀ jáde kí omi òjò sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ní 2023, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀ dá a lọ́lá ní Venice, ní Ítálì.

Ilẹ̀ pupa irú èyí tó lò wà káàkiri Òkè-Ògùn. A ń fi ọkọ̀ kó o láti dí kòtò ojú ọ̀nà.