Ṣé O Mọ̀ Pé Omi Ló Sábà Ń Pa Ọ̀pẹ Inú Ìkòkò?

Ṣé o mọ̀ pé bí ọ̀pẹ tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń sorí kọ́ náà ni èyí tí omi pọ̀ jù fún ṣe ń sorí kọ́? Bákan náà gẹ́lẹ́! Ewé á rọ, imọ̀ á wó sílẹ̀. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀.

Nítorí náà, gbé ife omi yẹn kalẹ̀ ná. Ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Ṣé ó tutù níbẹ̀? Má bu ẹ̀kán omi kan sí i.

Ṣé o mọ̀ pé gbòǹgbò ń mí? Ó ń mí! Bí omi bá dúró sójú kan nínú ìkòkò, kò ní sí afẹ́fẹ́ fún un mọ́. Gbòǹgbò á kú, ewé ò sì ní rí omi fà. Ọ̀pẹ á wá máa gbẹ láàárín omi!

Omi òjò ńkọ́? Gun òkè Mápó, ní Ìbàdàn, kí o wo ìsàlẹ̀. Páànù lọ súà! Láti Bẹ̀rẹ̀ dé Ọjà'ba, láti Ọjà'ba dé Bẹ́yẹrúnkà, páànù tó ti dípẹtà, òrùlé kan ń kan èkejì. Ṣé abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni o gbé ọ̀pẹ tìrẹ sí? Jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bí òjò mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, lítà omi 1 nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sórí rẹ̀ ńkọ́? Lítà 1,000!

Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ogójì! Òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Bí ìkòkò yẹn bá tún wá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò lu ìdí rẹ̀, inú kànga ni o gbin ọ̀pẹ sí.

Gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yọ ọ̀pẹ náà jẹ́jẹ́ kí o wo gbòǹgbò. Èyí tó le, tó funfun díẹ̀, ó wà láàyè. Èyí tó ti rà, bí o bá fà á, awọ rẹ̀ á bọ́ sí ọ lọ́wọ́, okùn tín-ínrín kan ṣoṣo ni yóò kù láàárín! Gé irú wọn kúrò, po iyanrìn mọ́ ilẹ̀ dúdú, kí o tún un gbìn síbi tí òrùn ò ti ní jó o.

Àmọ́ má gé gbòǹgbò tó bá ṣì dáa o! Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yà ọ̀pẹ kan wà ní Florida, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Sabal, tó jẹ́ pé bí o bá gé gbòǹgbò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tí o gé ló máa kú? Àgbọn sàn díẹ̀: nǹkan bí ìdajì gbòǹgbò tí o bá gé ló máa tún hù.

Ó kù, sún mọ́ mi.

Ṣé o mọ̀ pé oríṣi ọ̀pẹ tó wà láyé tó 2,600? Ọ̀pẹ ẹlẹ́yìn, àgbọn, dàbínù, ọ̀pẹ ògùrọ̀, ẹbí kan ni gbogbo wọn. Ọkàn kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, ló sì sábà máa ń wà lórí ìtí kọ̀ọ̀kan. Gé orí máńgòrò, yóò tún hù. Gé orí ọ̀pẹ, ó parí nìyẹn!

Màrìwò ni kí o fi dán ọkàn náà wò. Àárín orí ló ti ń yọ, ó ṣe ṣóńṣó, kò tíì là. Fi ìka méjì mú un, kí o fà á díẹ̀. Bó bá di ara rẹ̀ mú ṣinṣin, tó tutù yọ̀yọ̀, yọ̀! Ọ̀pẹ rẹ ṣì wà láàyè, bí gbogbo imọ̀ yòókù tilẹ̀ ti wó. Ṣùgbọ́n bó bá yọ sí ọ lọ́wọ́, tí ìdí rẹ̀ dúdú, tó ń rùn, ìtí yẹn ti lọ.

Àwọn kan tilẹ̀ ní ju ọkàn kan lọ! Ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní Areca, tó ń ṣe ìdì nínú ìkòkò, ìtí kọ̀ọ̀kan ló ní ọkàn tirẹ̀. Ọ̀kan lè kú kí márùn-ún máa gbé ayé wọn lọ. Madagascar ni wọ́n ti bí i, erékùṣù tó ní oríṣi ọ̀pẹ tó 200. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà yòókù pa pọ̀, wọn ò tó 100!

Ṣé o mọ̀ pé àlùbọ́sà àti àgbàdo sún mọ́ ọ̀pẹ ju bí máńgòrò ṣe sún mọ́ ọn lọ? Òótọ́ ni. Bíi tiwọn, ọ̀pẹ kì í hu igi tuntun bo ojú egbò bí máńgòrò ṣe ń ṣe, ìdí nìyí tí egbò ara rẹ̀ kì í fi í jinná. Bí o bá kan ìṣó mọ́ ọn lónìí, ojú ìṣó náà á wà níbẹ̀ títí ayé.

Ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n? Fi ọ̀bẹ sílẹ̀! Inú ewé àtijọ́ ni ọ̀pẹ ti ń fa pọ́táṣíọ̀mù fún ewé tuntun. Bí o bá gé e nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, oúnjẹ ọmọ lo gbà yẹn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ ń bọ̀. Ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣa ẹyìn inú rẹ̀ tán, bí a bá sun ún, eérú rẹ̀ kún fún pọ́táṣíọ̀mù! Ṣíbí tíì kan péré sínú ìkòkò, kì í ṣe ìkúnwọ́, torí eérú tó pọ̀ á ba gbòǹgbò jẹ́. Irú eérú yìí náà, pẹ̀lú ti èèpo kòkó, ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú.

Ọṣẹ pọ́táṣíọ̀mù sì ni ọṣẹ tí wọ́n ń tà fún pípa kòkòrò ara òdòdó nílùú òyìnbó! Irú kan náà ni wọ́n!

Wàá nílò ọṣẹ dúdú yẹn nígbà ọyẹ́, bí kòkòrò bá dé. Na tákàdá funfun sábẹ́ ewé, kí o gbọn ewé náà. Ṣé o rí kòkòrò tín-tìn-tín tó ń rìn? Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, ìbátan aláǹtakùn, kò gùn ju ìdajì mìlímítà lọ. Ìyá kan lè yé ẹyin tó 100! Bí ooru bá mú, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ rẹ̀ fi ń dàgbà. Po ọṣẹ dúdú díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, dán an wò lára ewé kan, kí o nu abẹ́ ìyókù ní ìrọ̀lẹ́, kí o sì fi omi lásán ṣàn án.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pẹ kan wà lábẹ́ gíláàsì ní ọgbà Yunifásítì Padua, ní Ítálì, tí wọ́n gbìn ní 1585? Gbọ̀ngàn tó wà lórí òkè Mápó, 1929 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i!

Kóró dàbínù kan tún wà ní Ísírẹ́lì, ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún. Wọ́n gbìn ín ní 2005. Ó hù!

Ọ̀pẹ ẹlẹ́yìn tiwa yìí ńkọ́? Ní 1848, mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn sí ọgbà Bogor, ní Jáfà. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Lónìí, Indonesia àti Malaysia ló ń pèsè ju ìdá 80 nínú 100 epo pupa gbogbo ayé. Láti ara mẹ́rin ló ti bẹ̀rẹ̀!

Ní tìrẹ, ewé tó ti gbẹ kò ní tutù mọ́ láé, má wulẹ̀ retí rẹ̀. Màrìwò tuntun ni kí o máa ṣọ́. Ó lè gbà tó oṣù kan tàbí méjì kó tó là, má sì ṣe torí ìyẹn da omi púpọ̀ sí i.