Kí A Gbé Bọ́ọ̀lù Sáré ni, àbí Kí A Jù Ú?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ̀yin òǹkàwé gbogbo, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ lónìí, kì í ṣe gírámà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló pè mí nílé mi ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó níbí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Yunifásítì rẹ̀ ti mú un sínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn, ó sì ní òun fẹ́ jẹ́ ẹni tí ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Èmi fẹ́ kó wà lára àwọn tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí. Ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Adájọ́ tí ò gbọ́ ẹjọ́, kí ló fẹ́ dá?

Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń gbé e. Ènìyàn 11 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ànfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi yáàdì 10 lọ síwájú. Tí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn; tí wọn ò bá ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹnì kan lè gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kó fi ipá la àárín wọn kọjá. Tàbí kí ẹni tó ń darí eré, tí wọ́n ń pè ní quarterback, jù ú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti sáré lọ síwájú. Títí di ọdún 1906, òfin ò gba jíjù síwájú rárá. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣèṣe, àwọn mìíràn ń kú. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n yí òfin padà.

Ẹni tó ń gbé e sáré kì í sábà rìn jìnnà, yáàdì 3, yáàdì 4, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́, aago sì ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tó ti ń borí fi máa ń sáré ní ìparí eré: wọ́n ń jẹ àkókò. Jíjù lè mú yáàdì 30 wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sílẹ̀, òfo ni, aago á sì dúró. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀tá lè hán an.

Èwo wá ló dára jù? Ṣebí ẹnubodè la wà, a mọ ìdáhùn. Ọ̀nà títì wà, ọ̀nà igbó wà. Tí onífàyàwọ́ bá ń gba ojú kan náà lójoojúmọ́, kọ́sítọ́ọ̀mù á kàn gbé àga síbẹ̀ ni. (Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní fàyàwọ́ o!) Ohun tó ń da aṣọ́bodè láàmú ni pé kò mọ èyí tí ẹni náà máa gbà. Tí ẹgbẹ́ kan bá ń sáré ṣáá, àwọn ọ̀tá á kóra jọ síwájú. Ẹ̀yìn wọn á ṣófo, ibẹ̀ ni ká jù ú sí. Tí wọ́n bá sì sá sẹ́yìn nítorí jíjù, àárín á là fún ẹni tó fẹ́ sáré. Ẹ rántí ohun tí mo máa ń sọ ní kíláàsì: ohùn òkè ò ga fúnra rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ pé ó ga. Bí eré yìí náà ṣe rí nìyẹn.

Àpẹẹrẹ mi ni Jay Ajayi. Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní 1993, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀. Ní Boise State, ní 2014, ó sáré yáàdì 1,823, ó tún hán bọ́ọ̀lù ẹ̀ẹ̀ 50 fún yáàdì 535. Kò tíì sí ẹni tó sáré ju 1,800 tó tún gba ju 500 ní sáà kan ní ìpele tó ga jù láàárín àwọn yunifásítì kó tó dé. Ní 31 Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n na Arizona 38 sí 30 nínú Fiesta Bowl. Nínú eré náà, quarterback gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Ó ti fi ọwọ́ kejì nà án sí Ajayi láti ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀tá ń wo òkè, Àjàyí ti wọlé. Eré sísá ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù jíjù ló ṣínà fún un.

Síbẹ̀, ọmọ mi ò bẹ̀rù lásán. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá gbé bọ́ọ̀lù sáré ni wọ́n máa gbé e ṣánlẹ̀. Orúnkún Ajayi ti bàjẹ́ ní 2011, kó tó ṣeré kankan fún Boise. Ó là á já, ó gba ife Super Bowl pẹ̀lú Philadelphia ní Oṣù Kejì 2018. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, orúnkún tún lọ. Kò tíì pé ọmọ 30 ọdún tí eré náà fi parí fún un.

Nígbà tí mo pe ọmọ-ọmọ mi, mi ò ní kó má sáré. Mo ní, "Kọ́ bí wọ́n ṣe ń hán bọ́ọ̀lù bí o ṣe ń kọ́ eré sísá. Ẹni tó mọ méjèèjì, wọn ò ní máa fi orí rẹ̀ fọ́ àpáta ní gbogbo ìgbà. Ìwé rẹ ńkọ́? Òun ni ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn tí wàá gbà tí ti orúnkún bá tán." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá Àgbà."

Ìyá rẹ̀ ní mi ò dá ẹjọ́ náà bí òun ṣe fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ bá sọ fún un?