Ìwàásù àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní Àgbádárìgì

Ọ̀pọ̀ Kírísítẹ́nì ilẹ̀ Yorùbá ló mọ Àgbádárìgì sí ìlú tí ìyìn rere gbà wọlé sí ọ̀dọ̀ wa. Òótọ́ sì ni. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1842, ni Thomas Birch Freeman, ajíyìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀, abẹ́ igi Àgíà ni wọ́n sì ti wàásù. Igi náà wó ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan ìrántí sí ojú ibẹ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní ọdún 1845 ṣì wà lórí ìdúró.

Ohun tí a kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù ni pé ní àkókò tí Freeman ń wàásù yẹn, wọ́n ṣì ń ta ènìyàn ní etíkun wa. Láti ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kò tíì jáwọ́. Èyí ló wà lọ́kàn akọ̀ròyìn yìí nígbà tí mo bá àwọn ọmọ ìjọ kan láti Ìsinbọ̀dé-Èkìtì rìnrìn-àjò lọ sí Àgbádárìgì.

A dé ilé Seriki Williams Abass, níbi tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí. Àwọn tí ń mú àlejò káàkiri sọ fún wa pé yàrá 40 ni, ènìyàn 40 ni wọ́n sì ń há mọ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yàrá náà kò tó ilé ìdáná ìyá mi. Ẹni tó ni ilé yìí pàápàá, tí ó kú ní ọdún 1919, ẹrú ni wọ́n ti mú un rí ní kékeré. Ọmọ Ìjọ́gà ni, wọ́n kó o lọ sí Brazil, nígbà tí ó padà dé, òun náà di oníṣòwò ẹrú. Ẹni tí wọ́n tà ló tún ń ta ẹlòmíràn!

Ní ilé àwọn Mobee, a rí ìdè ọrùn, ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ń ti ènìyàn lẹ́nu pa. Ti ọmọdé wà níbẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú wa wo èyí tó kéré jù, ó ní ọmọ-ọmọ òun tó wà ní pámárì ni yóò bá mu.

Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀ sọdá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ̀fú, a sì fẹsẹ̀ rin iyanrìn dé etí òkun. Kànga kan wà lọ́nà, wọ́n ní ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé. Àwọn kan nínú wa kò sọdá rárá, wọ́n ní oòrùn mú jù. Lójú tèmi, kì í ṣe oòrùn.

Ẹni tó bá ti lọ sí Jerúsálẹ́mù yóò ti gbọ́ nípa Yad Vashem, níbi tí àwọn Júù ti ń ṣe ìrántí àwọn ènìyàn wọn mílíọ̀nù mẹ́fà tí ìjọba Hitler ní Jámánì pa. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn kan fún àwọn ọmọdé, bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀. Inú òkùnkùn ni, iná àbẹ́là ń tàn nínú dígí bí ìràwọ̀, ohùn kan sì ń ka orúkọ, ọjọ́ orí àti ìlú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ti ṣe ìrìbọmi. Àwọn Kírísítẹ́nì tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti gba Júù là, Yad Vashem kọ orúkọ tiwọn náà sílẹ̀.

Ní Gbẹ̀rẹ̀fú, a kò gbọ́ orúkọ ẹyọ ẹrú kan.

Àṣejù ni tí a bá gbé gbogbo ẹ̀bi ka orí òyìnbó. Ta ni ó ń jagun kó ènìyàn ní ìgbèríko? Nígbà tí ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ọkọ̀ ẹrú kò wá sí etíkun wa mọ́, síbẹ̀ ọmọ Èkìtì ń bẹ lóko ẹrú ní ìlú àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ń gbé ní Èkó, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ìjọ, wà lára àwọn tó ran Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́.

Àjàyí Crowther mọ ọ̀rọ̀ yìí lára. Kì í ṣe òyìnbó ló wá mú un ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, tí ó gbé e lọ sí Freetown. Ní ọdún 1845 ó dé Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó sì fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ní Freetown yìí kan náà, àwọn akọ̀wé máa ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ọjọ́ orí wọn, bí wọ́n ṣe ga tó àti àmì ara wọn. Tí a bá pa á pọ̀ mọ́ ti Havana, orúkọ náà ju 90,000 lọ, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò dá ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀.

Mo sọ èyí fún ìyá àgbà náà nínú ọkọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí ìwé, kí ó jẹ́ lẹ́tà ńláńlá nítorí ojú wọn, kí wọ́n lè kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì.