Wọ́n rí i lórí fóònù, wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, ló bá di wàhálà!

Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà nínú oṣù kẹjọ, ọdún 2014, kò ní í gbàgbé òru ọjọ́ tí fóònù ò jẹ́ kéèyàn sùn. Ìyá ń pe ọmọ láti Ìbàdàn sí Èkó, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ayálégbé ń kanlẹ̀kùn ayálégbé ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ẹ tètè dìde, ẹ bu iyọ̀ sómi, ẹ fi wẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu díẹ̀ nínú ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má baà mú yín. Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé ta ló sọ ọ́, wọ́n á ní "wọ́n ní" ni. Àwọn wo ni "wọ́n" yìí? Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀rù tó wà nílùú nígbà náà kì í ṣe kékeré. Lógúnjọ́, oṣù keje, ọdún náà, ni Patrick Sawyer, ará Làìbéríà, gbé àrùn náà wọ Èkó, ọjọ́ karùn-ún ló sì jáde láyé. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ráyè béèrè ìbéèrè kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò iyọ̀. Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi máa jáde láti sọ pé irọ́ gbuu ni, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Wọ́n ròyìn èèyàn méjì tó kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu, àwọn mìíràn sì dèrò ọsibítù. Àwọn tí Ebola ò rí rárá ni o, ọ̀rọ̀ orí fóònù ló rí wọn.

Ẹni tó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ̀ lè sọ pé ìfẹ́ ló mú òun ṣe é, èèyàn á sì fi orí jì í. Akọ̀ròyìn ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé owó làwọn èèyàn fi ń ra ọ̀rọ̀ ẹ̀, tí wọ́n á gbé ìwé ẹ̀ dání nínú mólúè, tí wọ́n á máa fi jiyàn pé "ó wà nínú ìwé ìròyìn, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́"? Bí òun náà bá di "wọ́n ní", ibo làwọn èèyàn fẹ́ sá lọ?

Ẹ má sì jẹ́ ká purọ́ mọ́ fóònù o, irọ́ ti ń wọnú ìwé ìròyìn kí fóònù tó dé. Lọ́dún 1989, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn gbé e jáde pé Dókítà Nnamdi Azikiwe, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Zik, ti kú. Ariwo ta, àwọn kan ti ń ṣèdárò. Àṣé baba wà láyè! Oṣù karùn-ún, ọdún 1996, ni ọlọ́jọ́ tó dé lóòótọ́. Nígbà yẹn, kò sí Facebook, kò sí WhatsApp. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó gbé e kò dúró kí wọ́n rí ẹni tó mọ òótọ́. Àrùn yẹn náà ló wà nílẹ̀ dòní, fóònù kàn fún un lẹ́sẹ̀ tó fi ń sáré ni.

Láyé ìjọ́hun, bí akọ̀ròyìn bá jí láàárọ̀, àgọ́ ọlọ́pàá, kóòtù, sẹkitéríàtì àti gáréèjì ló ń gbà lọ, pẹ̀lú bírò àti jọ́tà lọ́wọ́. Lóde òní, kó tó fọ ẹnu ló ti ń ṣí fóònù. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ya ọ̀lẹ o. Owó ọkọ̀ ti gbówó lórí, níbòmíràn owó oṣù kì í wọlé bó ṣe yẹ, olóòtú sì ti ń pariwo láti àárọ̀ pé àwọn oníbúlọ́ọ̀gì ti gbé e, kí ló ń dá wa dúró? Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tí wọ́n ń wá ìròyìn lọ sọ́dọ̀ wọn gan-an ti kó lọ síbẹ̀. Òṣèré tó bímọ, Instagram ló ti ń kéde ẹ̀. Gómìnà tó yan kọmíṣánnà, alukoro ọlọ́pàá tó mú adigunjalè, X, tí wọ́n ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń gbé e sí. Akọ̀ròyìn tó bá ní òun ò ní í wo ibẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò máa wà.

Oore tó wà níbẹ̀ náà kò kéré. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kan balẹ̀ sínú odò Hudson ní New York, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní, ọdún 2009, tí gbogbo èèyàn 155 tó wà nínú ẹ̀ sì yè é, ọkùnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi nítòsí ló fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, tó gbé e sórí Twitter. Fọ́tò yẹn ni ayé kọ́kọ́ rí káwọn oníròyìn tó sáré débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dùn náà ló ti ń ta ni lẹ́nu. Ẹ wo àgbà òṣèré nnì, Olu Jacobs. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti pa á sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó ṣì wà láyè, tó jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀, Joke Silva, ló ní láti jáde láti sọ fáyé pé irọ́ ni. Ẹ rò ó wò ná: kí wọ́n máa pe èèyàn láti ilẹ̀ òkèèrè pé ẹ kú ọ̀fọ̀ ọkọ yín, ọkọ sì wà nínú yàrá. Ìpè kan ṣoṣo sí ẹbí ni ì bá yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní South Africa lọ́dún 2021 ló wá ya gbogbo ayé lẹ́nu. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, ìwé ìròyìn Pretoria News gbé e jáde pé obìnrin kan ní Tembisa bí ọmọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ọkùnrin méje, obìnrin mẹ́ta. Oṣù tó ṣáájú ẹ̀ ni obìnrin ará Màlí kan ti bí mẹ́sàn-án ní Mòrókò, nítorí náà ẹnu ò lè gbà á. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìròyìn náà ti yí ayé po, ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá ńlá gbé e, àwọn aláàánú sì ti ń dá owó.

Àfi bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: àwọn ọmọ dà? Ọsibítù wo ni? Ta ló gbẹ̀bí? Kò sí fọ́tò ọmọ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya náà sọ àti àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ni olóòtú ìwé ìròyìn náà, Piet Rampedi, dì mú. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ẹkùn Gauteng jáde pé kò sí ọsibítù kankan tó gba ẹ̀bí irú ẹ̀, àti pé àyẹ̀wò àwọn dókítà fi hàn pé obìnrin náà kò bímọ, kò tiẹ̀ lóyún lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Olóòtú náà ní òun mú ìròyìn náà bí ìròyìn ayọ̀ lásán ni, kì í ṣe ìwádìí. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nítorí orúkọ iléeṣẹ́ wọn tó bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé irọ́ lòun kọ. Obìnrin tí wọ́n sọ di ìran wò yẹn ńkọ́? Ìtọ́jú ọpọlọ ni wọ́n ní wọ́n ti gbà á sí. Ẹ̀dá ẹlẹ́ran ara tó nílò ìrànlọ́wọ́ ni, ìwé ìròyìn sì sọ ọ́ di àrà mérìíyìírí.

Ti Amẹ́ríkà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí bọ́ǹbù dún níbi eré ìje Boston nínú oṣù kẹrin, ọdún 2013, tí èèyàn mẹ́ta kú, àwọn èèyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì sọra wọn di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wọ́n ń fi àmì yí orí ẹnikẹ́ni tó bá gbé báàgì nínú fọ́tò ká. Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù náà, ìwé ìròyìn New York Post gbé fọ́tò ọ̀dọ́kùnrin méjì kan sójú ìwé àkọ́kọ́ gàdàgbà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé àwọn oníbáàgì làwọn agbófinró ń wá. Fọ́tò náà ti wà káàkiri, wọ́n sì ní àwọn agbófinró náà fi ránṣẹ́ síra wọn. Àṣé eré ìje làwọn ọmọ ọlọ́mọ wá wò! Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ fojú inú wò ó kí ọmọ jí láàárọ̀, kó rí ojú ara ẹ̀ lórí gbogbo ìtẹ́ ìwé ìròyìn bí apààyàn. Wọ́n gbé ìwé ìròyìn náà lọ sí kóòtù, lọ́dún 2014 ni wọ́n sì yanjú ẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. Àmọ́ ta ló lè kó gbogbo ìwé tí wọ́n ti tà padà?

Nílé wa níbí, òru tí kò ní í tán lọ́kàn èèyàn ni ti Lẹkki. Lálẹ́ ogúnjọ́, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, táwọn sọ́jà ya bo àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS ní too-géètì Lẹkki l'Ékòó, olórin tí wọ́n ń pè ní DJ Switch gbé fóònù sókè, ó ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn lórí Instagram bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wò ó. Bí kì í bá ṣe fóònù, ta ni ì bá mọ̀? Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ lu òǹtẹ̀ irọ́ lé àwọn ìròyìn tó jáde lórí. Nígbà tó yá, níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀, wọ́n gbà pé àwọn sọ́jà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Síbẹ̀, lóru yẹn kan náà, àwọn fọ́tò àtijọ́ tí kò mọ̀ nípa Lẹkki rárá ń lọ káàkiri, wọ́n ní ibẹ̀ ni. Òótọ́ àti irọ́ jọ wọ aṣọ kan náà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, àjọ NBC, tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣàn, ti bu owó ìtanràn lé Channels, AIT àti Arise, wọ́n ní wọ́n lo fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọgbọ́n láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni. Nínú oṣù karùn-ún, ọdún 2023, lórí ẹjọ́ mìíràn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábújá sọ pé NBC kò láṣẹ láti bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wà rèé. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2020, CNN gbé ìwádìí tiwọn lórí Lẹkki jáde. Fídíò orí fóònù làwọn náà lò, ṣùgbọ́n wọ́n wo aago tí wọ́n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo ibi tí ẹni tó yà á dúró sí, wọ́n sì wá àwọn tó wà níbẹ̀ rí. Alhaji Lai Mohammed, mínísítà ìròyìn nígbà náà, bínú, ó ní ó yẹ kí wọ́n fìyà jẹ CNN. CNN ní àwọn dúró lórí ọ̀rọ̀ àwọn. Ohun tó fún wọn lẹ́sẹ̀ láti dúró nìyẹn: wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, pàṣán ló ń gé fún ìjọba. Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Buhari ti Twitter pa nínú oṣù kẹfà, ọdún 2021, orí Twitter náà ni iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ti kéde ẹ̀! NBC tún pàṣẹ fún rédíò àti tẹlifíṣàn pé wọn ò gbọdọ̀ wá ìròyìn lórí ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kìíní, ọdún 2022, ni wọ́n tó ṣí i padà, nínú oṣù keje ọdún náà sì ni kóòtù ECOWAS sọ pé títì tí wọ́n tì í kò bófin mu.

Báwo làwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Kò le. Bí fọ́tò bá dé, wọ́n á gbé e sórí Google tàbí TinEye, láti mọ̀ bóyá ó ti jáde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn níbòmíràn. Wọ́n á wo pátákó tó wà lẹ́yìn, nọ́ńbà ọkọ̀, aṣọ ọlọ́pàá, bóyá òjò ń rọ̀ níbi tí wọ́n ti sọ pé oòrùn mú. Wọ́n á wá ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n á bi í léèrè pé níbo lo dúró sí. Wọ́n á pe ẹni tọ́rọ̀ kàn. Nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ti lè ṣe ayédèrú ohùn àti ojú èèyàn, ìpè yẹn ti di dandan. Africa Check àti Dubawa wà ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tú irọ́ fó. Òǹkàwé náà ní ipa tiẹ̀: bí ẹ bá ka ìròyìn tí kò sọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀, tó kàn ń sọ pé "bó ṣe wà lórí ayélujára", ẹ fura.

Kẹ́ ẹ rántí o, kì í ṣe omi iyọ̀ ló lé Ebola lọ lọ́dún 2014. Èèyàn ogún ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, ogúnjọ́, oṣù kẹwàá, ni wọ́n sì kéde pé ó ti tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló wá àwọn 894 tó fara kan aláìsàn rí, tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn ilé dé ilé, ìbẹ̀wò bíi 18,500. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ẹnu ni wọ́n fi béèrè. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí fóònù ta á lólobó, kó wọ bàtà, kó lọ kanlẹ̀kùn. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá, ẹni tó bá sì gbé e pọ̀n nìtìjú máa bá lọ́nà.