Bí A Ti Ń Kọ Ewì Láti Inú Iṣẹ́ Ọnà

Bí wọ́n bá ní kí o kọ ewì lórí iṣẹ́ ọnà kan tí o mọ̀, má ṣe yára fa bírò yọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ni pé ère náà dára, ó wu àwọn, ẹni tí ó gbẹ́ ẹ sì mọ iṣẹ́. Ẹni tí kò rí ère náà rí lè kọ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí a fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì fún ààfin Ògògà ti Ìkéré-Èkìtì ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Lára awẹ́ kan, ọba dé adé, ó jókòó, ayaba sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lára èkejì, òyìnbó aláṣẹ kan ń bọ̀ wá kí i. Àwọn ènìyàn ni wọ́n gbé e, àwọn mìíràn sì ru ẹrù. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní London. Ògògà gba ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní British Museum di òní. Nítorí náà, fọ́tò rẹ̀ ni ìwọ yóò wò. Ó tó, bí o bá wò ó pẹ́.

Yan ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó wà lára rẹ̀, kí o sì fún un ní ohùn. Ọba ni ọ̀pọ̀ yóò yàn. Ní tèmi, alárù ni mo yàn. Àwọn ìwé pe òyìnbó yẹn ní Captain Ambrose, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ alárù sílẹ̀. Wo ohun tí ó lè sọ:

Orí mi ni ẹrù òyìnbó wà,
N kò mọ ohun tí ó dì sínú rẹ̀.
Ọba ń wo àlejò, àlejò ń wo ọba,
Ta ni ń wo ọrùn mi?
Agbẹ́gilére nìkan ni ó rí mi:
Ó gbẹ́ mi tán, kò sọ̀ mí.

O rí i pé a kò sọ níbì kankan pé ilẹ̀kùn náà dára. Ọ̀rọ̀ náà “wo” ni a ń tún pè, títí tí ó fi di ìbéèrè. A kò sì fi ipá mú ìparí ìlà dún bákan náà bí ti ewì Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí èémí bá ti sinmi ni kí o gé ìlà.

Ṣọ́ra fún ìtàn. Alárù yìí kò lè mọ ohunkóhun nípa Wembley. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ó lè sọ nípa òkun tí ó là kọjá àti ìtẹ́ tí a fi pààrọ̀ rẹ̀. Ewì mìíràn nìyẹn, ó sì wù mí kí o gbìyànjú rẹ̀.

Bí o bá kọ ọ́ tán, kà á sí ara rẹ létí (nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ètè nìkan ni kí o mì o). Bí o kò bá sì rí fọ́tò kankan, opó tí ó wà ní ààfin ìlú rẹ tó láti fi bẹ̀rẹ̀.