$20 mílíọ̀nù lọ́dún! Bí Selig, ọmọ Kánádà tó ń dá ṣe áàpù fóònù, ṣe ti ìsọ̀ rẹ̀ pa

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin ará Kánádà kan tí wọ́n ń pè ní Christian Selig lọ́dún 2023, bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó ní ọjà Gbági ló ti ṣẹlẹ̀. Owó ilẹ̀ ni onílẹ̀ fi lé e kúrò nínú ìsọ̀. Wọ́n ní bó bá fẹ́ máa tajà lọ níbi tó ti ń tà á, tó ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà, kó lọ máa wá nǹkan bíi $20 mílíọ̀nù lọ́dọọdún. Oṣù kan péré ni wọ́n sì fún un láti fi múra.

Kì í ṣe aṣọ ni Selig ń tà, kì í sì í ṣe ata. Áàpù ló ń ṣe. Ẹni tó bá ní fóònù ìgbàlódé mọ ohun tó ń jẹ́ áàpù, àwọn àwòrán kéékèèké ojú fóònù tí èèyàn ń tẹ̀, tí ọ̀kan á ṣí WhatsApp, tí òmíràn á ṣí bánkì. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó ti kọ̀ǹpútà Mac nínú yàrá rẹ̀, òun ló ń ṣe é, òun ló ń tún un ṣe, òun náà ló ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn, òun ló sì ń ṣírò owó lálẹ́. Bíi télọ̀ tí kò ní ọmọ iṣẹ́ ni.

Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ pé ṣíṣe áàpù kọ́ ni wàhálà, ìtọ́jú rẹ̀ ni. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹfà, ilé-iṣẹ́ Apple tó ń ṣe iPhone àti Mac máa ń kéde àyípadà tó fẹ́ bá inú ẹ̀rọ rẹ̀. Tó bá fi máa di nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, àyípadà náà ti dé ọwọ́ ará ìlú. Áàpù tó ń ṣiṣẹ́ geere lánàá lè ṣàdédé dákú. Lẹ́tà á wá máa rọ́ wọlé bí òjò. Ẹni tó san $5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, yóò wà lára àwọn tó ń pariwo jù. Ẹ wo télọ̀ tó rán bùbá fún èèyàn, tí onítọ̀hún wá ń gbé bùbá náà padà wá lọ́dọọdún pé kó bá òun tú u nítorí òun ti sanra, tí kò sì ní san kọ́bọ̀ kún un! Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi kúrò lórí kí wọ́n ta áàpù lẹ́ẹ̀kan kó parí, tí wọ́n bọ́ sórí àsansílẹ̀. Kọ́sítọ́mà á máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, tàbí kó san ti odidi ọdún kan kalẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló padà wá di gbèsè.

Onílẹ̀ àkọ́kọ́ ni Apple fúnra rẹ̀. Oṣù keje ọdún 2008 ni wọ́n ṣí ọjà tí wọ́n ń pè ní App Store. Ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ níbẹ̀ á san $99 lọ́dún. Yàtọ̀ sí èyí, nínú $100 tó bá pa, Apple á mú $30. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n dín in kù sí $15 láti oṣù kìíní ọdún 2021 fún àwọn tí ọjà wọn kò tó $1 mílíọ̀nù lọ́dún. Ìṣákọ́lẹ̀ ni, kò ní orúkọ méjì. Ẹni tó ń ṣe áàpù fún kọ̀ǹpútà Mac ṣì lè jókòó sí ojúde ara rẹ̀ kó máa tà á fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ti iPhone, ní ọdún 2023 tí à ń sọ yìí, ọjà kan ṣoṣo náà ló ní.

Ìṣákọ́lẹ̀ yìí kò le lójú Selig. Ó ti fi ìgbà kan ṣiṣẹ́ ní Apple rí, ó mọ ìwà wọn. Onílẹ̀ kejì ló bá a jà.

ONÍLẸ̀ KEJÌ

Reddit ni orúkọ onílẹ̀ kejì. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ibi tí èèyàn ti ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti sọ̀rọ̀ ni, agbo lóríṣiríṣi. Agbo àwọn tó ń sin ajá wà níbẹ̀, ti àwọn tó ń se oúnjẹ, ti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ti àwọn afọ́jú pàápàá. Ará ìlú ló ń kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ará ìlú náà ló sì ń bójú tó agbo kọ̀ọ̀kan láìgba owó oṣù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Reddit kò tilẹ̀ ní áàpù fóònù tirẹ̀. Àwọn aládàáni bíi Selig ló ń ṣe é fún ara wọn, tí Reddit sì ń jẹ́ kí wọ́n máa kó ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni Selig gbé tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Apollo. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ó mọ́ lójú, ó yára, kò sí ìpolówó ọjà tó ń dí èèyàn lójú. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé Apollo kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú ara tirẹ̀. Bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, á rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí stọ́ọ̀ Reddit láti lọ gbé ohun tí kọ́sítọ́mà fẹ́ kà wá. Bó bá tún tẹ nǹkan míì, ọmọ iṣẹ́ tún lọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń lo Apollo ń rán ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 344 lójúmọ́, tí èèyàn bá pín in dọ́gba. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìrìn náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Reddit kéde pé ọ̀fẹ́ ti tán, àwọn fẹ́ máa gba owó lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan. Selig kò bínú. Ó ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣáà dá iye tó bójú mu. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ló gbọ́ iye náà: $12,000 fún mílíọ̀nù 50 ìrìn.

Ẹ ṣírò ó wò. Ní oṣù kan ṣoṣo kí wọ́n tó dá owó yìí lé e, ọmọ iṣẹ́ Apollo ti rin ìrìn bílíọ̀nù méje. Ìyẹn á jẹ́ nǹkan bíi $1.7 mílíọ̀nù lóṣù, $20 mílíọ̀nù lọ́dún. Háà! Selig ní ilé-iṣẹ́ Imgur tí òun máa ń gbé àwòrán lọ́dọ̀ wọn, $166 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun fún iye ìrìn kan náà.

Ká má parọ́ mọ́ Reddit, àwọn náà ní ẹjọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí àwọn fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ owó, àwọn kò sì tíì rí èrè láti ọjọ́ yìí, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ọjà àwọn pawó. Wọ́n tún ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ sísọ ń kó ọ̀rọ̀ inú Reddit lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sì ń múra láti ta ìpín ìdókòwò fún ará ìlú, èyí tí wọ́n padà ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2024. Kò sí ẹni tó sọ pé onílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dá iye sílẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún, kí wọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ni kí sísan bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìdúnàádúrà. Ẹni tó fẹ́ kí èèyàn dúró máa ń fún un ní àyè láti mí.

ÌṢIRÒ GÀÀRÍ

Àwọn kan bi í pé ṣé kò lè fi owó kún ọjà tirẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àsansílẹ̀ ti dé.

Ká ní ìyá kan gba owó gààrí ọdún kan sílẹ̀ lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà, kóńgò kan lóṣooṣù, iye tí gààrí wà lọ́jọ́ náà sì ni wọ́n dá. Ó di oṣù kẹta, gààrí di ìlọ́po méjì. Ìyá yìí kò lè ní kí kọ́sítọ́mà fowó kún un, wọ́n ti jọ ṣàdéhùn. Gbogbo kóńgò tó bá wọ̀n jáde, òfò ni. Bí kọ́sítọ́mà bá sì ṣe pọ̀ tó ni òfò á ṣe pọ̀ tó.

Bó ṣe rí fún Selig gẹ́lẹ́ nìyẹn. Gẹ́gẹ́ bí owó tuntun náà, kọ́sítọ́mà kọ̀ọ̀kan á máa ná an ní $2.50 lóṣù. Iye tí wọ́n ń san fún un kò tó ìdajì rẹ̀, Apple á sì tún mú ìṣákọ́lẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ti san ti ọdún kan kalẹ̀. Bó bá tilẹ̀ fi owó kún un fún àwọn tuntun, Apple kì í san owó ọjà lójú ẹsẹ̀, ó máa ń pẹ́ ju oṣù kan lọ, bẹ́ẹ̀ gbèsè Reddit á ti máa gorí ara wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù keje. Áàpù Relay àti Narwhal gbà láti san, wọ́n sì ní kí kọ́sítọ́mà wọn máa san owó tuntun. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Selig wo tirẹ̀ títí, kò rí ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tún wá dọ̀tí sí i. Nínú ìjíròrò kan lórí fóònù, Selig fi àwàdà sọ fún aṣojú Reddit pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé Apollo ń jẹ wọ́n ní $20 mílíọ̀nù lọ́dún, kí wọ́n kúkú fún òun ní ìdajì, $10 mílíọ̀nù, kí òun dákẹ́, kí oníkálukú máa lọ. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ rò pé ó ń halẹ̀ ni. Selig ṣàlàyé, onítọ̀hún sì bẹ̀ ẹ́ pé òun ṣì í gbọ́ ni. A! Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ tàn káàkiri pé Selig fẹ́ fi ìhàlẹ̀ gba owó lọ́wọ́ Reddit. Wọn kò mọ̀ pé ọmọ náà ti gba ohùn sílẹ̀. Òfin Kánádà gba èèyàn láyè láti gba ohùn ìjíròrò tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gbé e síta fún gbogbo ayé gbọ́, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tí onítọ̀hún bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ló ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn kan náà ló sì kéde pé Apollo á kógbá sílé. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà Reddit, Steve Huffman, jáde wá dá àwọn èèyàn lóhùn, ṣùgbọ́n kò yí owó náà padà. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, àwọn tó ń bójú tó agbo lórí Reddit bínú ti ilẹ̀kùn. Ó ju agbo 8,000 lọ tó wọ òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí gbogbo ọjà bá pa ìsọ̀ dé nítorí owó orí. Àwọn afọ́jú náà pariwo, torí áàpù àwọn aládàáni ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Fún tiwọn, Reddit yọ̀ǹda pé áàpù tí kò bá ń pa owó, tó wà fún ìrànlọ́wọ́ irú wọn, kò ní san. Ti Selig kò yí padà.

Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹfà, Apollo kú. Lọ́jọ́ kan náà ni Sync àti rif náà ti ilẹ̀kùn.

Ó ku gbèsè. Àwọn tó ti san ti ọdún kan, tí ọdún kò sì tíì pé, ó yẹ kí wọ́n gba ìyókù owó wọn padà. Selig ṣírò rẹ̀, ó ní ó tó $250,000. Kì í ṣe Reddit ló máa san án, kì í sì í ṣe Apple. Àpò rẹ̀ ni. Ohun tó ṣe ni pé ó fi bọ́tìnì kan sínú Apollo kó tó pa á dé. Kọ́sítọ́mà tó bá fẹ́, á tẹ̀ ẹ́ pé kó máa mú ìyókù owó òun lọ, tàbí kó fi rọ́pò owó áàpù míì tó ń ṣe. Ẹni tí kò bá tẹ nǹkan kan, owó rẹ̀ á padà sọ́wọ́ rẹ̀ láìbéèrè. Kò fi ọ̀ranyàn mú ẹnikẹ́ni.

Òun nìkan kọ́ nirú èyí ṣẹlẹ̀ sí lọ́dún náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Twitter ṣàdédé pa ilẹ̀kùn mọ́ àwọn áàpù aládàáni lóru ọjọ́ kan, láìkìlọ̀. Twitterrific wà lára wọn, èyí tí ilé-iṣẹ́ kékeré Iconfactory ṣe fún Mac láti ọdún 2007, kí iPhone tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn náà ní láti bẹ kọ́sítọ́mà pé kí wọ́n jọ̀wọ́, bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má béèrè owó padà.

Selig kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, bí Apple ṣe gbé awò ńlá rẹ̀ tó ń jẹ́ Vision Pro jáde, ó ti ní áàpù kan nílẹ̀ tó ń jẹ́ Juno, $5, tí èèyàn fi ń wo fídíò YouTube nínú awò náà, nítorí YouTube kò ṣe tirẹ̀ síbẹ̀. Kó tó di ìparí ọdún, YouTube fẹjọ́ sùn pé ó rú òfin àwọn, Apple sì yọ ọ́ kúrò lọ́jà. Lọ́tẹ̀ yìí kò jà. Ó ní eré ni òun fi ṣe, òun kò ṣetán láti bá ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀yá ìjà.

Áàpù tí àwọn kọ́sítọ́mà Apollo lè gbé owó wọn lọ síbẹ̀ ni Pixel Pals. Ajá, ológbò àti ẹranko kéékèèké míì ni, tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lókè ojú iPhone, tí èèyàn ń bọ́, tí ó ń bá ṣeré. Ọdún 2022 ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí Apollo ṣì wà láàyè. Àwọn ẹranko yìí kì í lọ sí stọ́ọ̀ ẹnikẹ́ni lọ gbé nǹkan. Ìṣákọ́lẹ̀ Apple nìkan ló wà lórí wọn.